"Ó Jẹ Mí Lówó" Kọ́ Ni "Ó Jẹ Owó Mi"

Ẹ wo ìpàdé ẹgbẹ́ aránṣọ kan, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní gbogbo àdúgbò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Bẹ́ǹṣì ti wà nílẹ̀, omi inú ọ̀rá ti wà nílẹ̀. Wọ́n ti gbàdúrà, wọ́n ti pe orúkọ, wọ́n sì ti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ àwọn tó pẹ́ dé. Ọdún ti fẹ́ parí, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí wọ́n pín owó tí kálukú ti ń dá láti oṣù kìn-ín-ní. Alága ní kí akápò dìde kó sọ iye tó wà lọ́wọ́. Akápò dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó wolẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ foríjì mí. Mo jẹ ẹgbẹ́ lówó."

Wọ́n ní èló? Ó ní N480,000.

Ariwo ta! Obìnrin kan káwọ́ lérí, ọkùnrin kan ti ń ká apá ẹ̀wù sókè. Bàbá àgbà kan, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ wọn ò tíì mọ abẹ́rẹ́ mú, ní kí wọ́n fara balẹ̀. Ó ní ta ni kì í jẹ gbèsè láyé yìí? Onígbèsè tó bá sì ti jẹ́wọ́, sùúrù ni à ń ní fún un.

Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn, tó máa ń rán aṣọ ọmọdé, ní, "Gbèsè kẹ̀? Ọjọ́ wo ni ẹgbẹ́ yá a lówó?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Akọ̀wé wọn, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, ló fi òyìnbó sọ ọ́: "Embezzlement lèyí o, sà!"

Bàbá àgbà dẹtí. "Kí ló pè é? Ẹ̀bẹ̀ sú mi?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Akápò pàápàá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó o yọ.

Kì í ṣe ẹgbẹ́ aránṣọ nìkan. Káfíńtà ńkọ́? Mẹkáníìkì ńkọ́? Àwọn aláta, àwọn aláṣọ òkè, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí, kò síbi tí irú ìpàdé yìí ò ti lè wáyé. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí lẹ́yìn rẹ̀, orí ohun kan ló wà: orúkọ wo ni wọ́n máa pe ohun tí akápò ṣe? Bí wọ́n bá pè é ní gbèsè, ẹ̀bẹ̀ ló kù, ẹ̀bẹ̀ náà yóò sì sú wọn lóòótọ́. Bí wọ́n bá pè é ní orúkọ rẹ̀ gan-an, ó di nǹkan mìíràn.

Olè pọ̀ lórúkọ lẹ́nu Yorùbá. Ẹni tó já àpò gbà lọ́wọ́ èèyàn lójú ọ̀nà, jàgùdà ni. Ẹni tó fọ́lé lóru, kólékólé ni. Ẹni tó gbé ìbọn wá, adigunjalè ni. Èyí tó fi ọ̀rọ̀ dídùn gba tọwọ́ ẹni, oníjìbìtì ni, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè é ní gbájú-ẹ̀. Gbogbo àwọn wọ̀nyí, ìta ni wọ́n ti wá. Wọ́n ní láti já ìlẹ̀kùn, tàbí kí wọ́n já àpò, tàbí kí wọ́n pa irọ́ kan ńlá kí owó tó dé ọwọ́ wọn.

Ti embezzlement kò rí bẹ́ẹ̀. Olówó fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé owó fún un, lójú kedere, nítorí pé ó fọkàn tán an. Kò já ìlẹ̀kùn kankan, òun ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́. Ìgbà tí owó dé ọwọ́ rẹ̀, kò tíì ṣe olè. Ìgbà tó yí owó náà sí tara rẹ̀, tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìgbà yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣẹlẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, tótó, ó ṣe bí òwe lójú ẹ̀yin àgbà.

Nítorí náà, bí òyìnbó bá ń sọ̀rọ̀, kò ní sọ pé jàgùdà "embezzle" àpò obìnrin kan ní Ọjà Ọba. Kò bá a mu. Kò ní sọ pé adigunjalè "embezzle" owó báńkì. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé báńkì tó jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba owó bá yọ nínú rẹ̀, tàbí ọmọbìnrin tó ń bá ìyá aláṣọ tajà bá ta ọ̀pá méjìlá tó kọ mẹ́wàá sílẹ̀, tó sì fi owó méjì sínú báàgì ara rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn-ún lò. Àwọn Yorùbá ní ó "kó owó jẹ." Ìwé ìròyìn ń pè é ní ìkówójẹ, ó sì bá a mu dáadáa.

Èdè Faransé àtijọ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀rọ̀ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni kí èèyàn ba nǹkan jẹ́, kó pa á run. Wọ́n tún ní ọ̀kan tó jọ ọ́, "defalcation," tí àwọn aṣírò owó fẹ́ràn láti máa kọ. Ẹni tó bá tú ti inú rẹ̀ wò yóò bá dòjé níbẹ̀, nítorí pé lédè Látìn, dòjé ni gbòǹgbò rẹ̀: kí èèyàn fi dòjé gé díẹ̀ kúrò lára nǹkan.

Ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan dòjé níbi ọ̀rọ̀ yìí mọ ọmọ aráyé. Irú N480,000 báyìí kì í sábà lọ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ àkọ́kọ́, N5,000 ni. Ọmọ ń gbóná lára, ilé ìwòsàn ń bèèrè owó, alẹ́ ti lẹ́, owó ẹgbẹ́ wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní tó bá di Mọ́ńdè, òun á dá a padà. Ó sì dá a padà lóòótọ́! Ibẹ̀ gan-an ni ìjàngbọ̀n wà, nítorí pé ó ti mọ̀ pé ọ̀nà náà ṣeé gbà. Ìkejì, N20,000, owó ilé-ìwé. Èyí, ó dá ìdajì padà. Ìkẹta, àna rẹ̀ kú, ojú ń tì í láti lọ lọ́wọ́ òfo. Lẹ́yìn èyí, kò ka owó náà mọ́, ẹ̀rù ń bà á láti ṣí àpótí. Ó wá ń ra lọ́tìrì, ó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, kó lè rí èyí tó máa fi dí i. Dòjé ń gé, koríko ń tán, aya rẹ̀ pàápàá ò mọ̀.

Aláàánú èèyàn á ní, "Ó ṣe é ní àánú. Kò ní i lọ́kàn láti jalè." Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe dé ilé ẹjọ́, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń sunkún nítorí akápò.

Ní London, ní oṣù kìn-ín-ní 1799, akọ̀wé báńkì kan wà tó ń jẹ́ Joseph Bazeley. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Oníbàárà kan fi £137 ránṣẹ́ kí wọ́n bá òun fi pamọ́. Bazeley kà á, ó pé. Ó kọ £137 sílẹ̀ fún oníbàárà, kò dín kọ́bọ̀. Ìgbà tó wá ń kó owó náà sí ibi tó yẹ kó kó o sí, ó yọ £100 oníbébà kan nínú rẹ̀, ó tì í bọ àpò ara rẹ̀.

Wọ́n mú un, wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́, wọ́n ní olè ni. Lọ́yà rẹ̀ dìde. Ó ní kí ni olè? Olè ni kí èèyàn mú nǹkan kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Owó yìí, ó ní, kò tíì dé ọwọ́ báńkì, kò tíì wọ àpótí wọn rárá. Oníbàárà ńkọ́? Oníbàárà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún Bazeley. Ọwọ́ ta ló wá ti jí i? Ẹ ò rí ọ̀rọ̀! Àwọn adájọ́ jókòó lé e lórí, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé bí òfin ṣe wà lọ́jọ́ náà, lọ́yà náà jàre. Ọkùnrin tó fi £100 sápò bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Kò pẹ́ tí ilé aṣòfin wọn fi dìde. Ọdún 1799 kan náà ni wọ́n ṣe òfin tuntun. Orúkọ náà ti wà nínú òfin wọn tipẹ́, ṣùgbọ́n òfin yìí ló so ó mọ́ ọrùn akọ̀wé àti ọmọ-ọ̀dọ̀ tó bá gba owó lórúkọ ọ̀gá rẹ̀ tó sì yí i sí tara rẹ̀. Nǹkan bí 170 ọdún ni wọ́n fi ń ya olè sí apá kan, tí wọ́n ń ya akówójẹ sí apá kejì. Nígbà tó di 1968, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn tún òfin olè jíjà wọn kọ, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: olè ni olè ń jẹ́.

Ní ti ilẹ̀ Nàìjíríà, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ìhà Gúúsù ti mọ̀ láti 1916 kò tiẹ̀ dúró jiyàn orúkọ. Kò ní ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ kan tó ń jẹ́ embezzlement. Abala 383 rẹ̀ ní ẹni tó bá fi èrú mú ohun onísọ̀ọ́ àti ẹni tó bá fi èrú sọ ohun onísọ̀ọ́ di tirẹ̀, olè ni àwọn méjèèjì. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fún un kò gbà á. Abala 390 ló wá sọ ìyà. Olè lásán, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 3. Akọ̀wé tàbí òṣìṣẹ́ tó jí ohun ọ̀gá rẹ̀, ó lè tó ọdún 7. Ẹni tí wọ́n fi owó lé lọ́wọ́, tí wọ́n sì sọ ohun tí kó fi ṣe tàbí ẹni tí kó san án fún, tó wá jí i, òun náà lè rí ọdún 7. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti tún òfin tiwọn kọ, bí Èkó ti ṣe ní 2011, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ yìí ni wọ́n ti wá.

Ẹ tún gbọ́ èyí, nítorí òun ló kan akápò wa. Abala 383 yẹn náà sọ nípa owó pé, bí èèyàn bá mú owó ẹlòmíràn pẹ̀lú èrò láti ná an bó ṣe wù ú, ó ti tó láti fi ka èrú sí i lọ́rùn, bó tilẹ̀ ní i lọ́kàn láti dá iye rẹ̀ padà nígbà tó bá yá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́. "Mo fẹ́ dá a padà ni" lè mú kí adájọ́ ṣàánú níbi ìyà. Kò sọ olè di onígbèsè.

Èdè Yorùbá dùn, ṣùgbọ́n níbí yìí, ó ti yá olè lẹ́wù wọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kan, "jẹ," ló ń ṣe iṣẹ́ méjì. "Ó jẹ mí lówó": onígbèsè mi ni. "Ó jẹ owó mi": ó ti kó ohun tí mo fún un pé kó bá mi tọ́jú mì. Ẹ ti ọ̀rọ̀ kan síwájú, ẹ ti èkejì sẹ́yìn, ọmọlúàbí tí nǹkan ò rọgbọ fún ti di olè, tàbí kí olè di ọmọlúàbí tí nǹkan ò rọgbọ fún. Akápò tó dìde nínú ìpàdé mọ èyí tó ń mú. Kò sọ pé "mo jẹ owó ẹgbẹ́." Ó ní "mo jẹ ẹgbẹ́ lówó." Bàbá àgbà ò sì gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ obìnrin ọjà ni èyí ti ṣe ní jàǹbá. Wọn á dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọn á ní, "Ẹ bá mi mú lágbájá, ó jẹ mí lówó." Ọlọ́pàá á ní kí wọ́n máa lọ sí kóòtù gbèsè. Ọlọ́pàá tó sọ bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀, nítorí pé òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ìwà ọ̀daràn tàbí nítorí àdéhùn tí kò ṣẹ. Ẹni tó fẹ́ sọ pé wọ́n kó owó òun jẹ ní láti sọ ọ́ bó ṣe rí: owó wo ni, ta ló gbé e fún, kí ni wọ́n ní kó fi ṣe, kí ló wá fi ṣe.

Bí aládùúgbò bá wá yá N50,000 láti fi ra ìrẹsì tà, tí ọjà ò tà, gbèsè ni. Kódà bó bá ń sá lójú títì, gbèsè ni. Káfíńtà tó gba àsansílẹ̀ owó bẹ́ẹ̀dì tí kò ṣe bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ìjà àdéhùn nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà, àfi bó bá jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kò ti fẹ́ ṣe é, ìyẹn sì ti di jìbìtì. Ṣùgbọ́n aránṣọ tó gba léèsì oníbàárà láti rán, tó wá gbé e tà? Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ má bínú o. Kódà bó bá ní òun á san owó léèsì, aṣọ náà kì í ṣe tirẹ̀ láti tà. Nínú ìwé òfin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí, olè ni wọ́n ń pè é.

Dírẹ́bà dáńfó tó bá ọ̀gá rẹ̀ ṣàdéhùn pé iye báyìí lòun á máa san lójúmọ́, tí èyí tó bá kù jẹ́ tòun, tí kò rí i san lónìí nítorí pé ọ̀nà dí, ó jẹ ọ̀gá rẹ̀ lówó. Kọ̀ndọ́ tó ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ èrò fún ọ̀gá, tó wá ń fi díẹ̀díẹ̀ sí inú ìbọ̀sẹ̀, ó ń jẹ owó ọ̀gá rẹ̀. Inú ọkọ̀ kan náà làwọn méjèèjì wà o.

Níbi èsúsú pẹ̀lú, ìyàtọ̀ wà. Ẹni tó kó ti ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, tí kò wá dá ti àwọn tó kù mọ́, onígbèsè burúkú ni, ṣùgbọ́n owó tó kó, àsìkò tirẹ̀ ló kó o. Olórí èsúsú tó gba owó lọ́wọ́ gbogbo yín láti gbé e fún ẹni tó kàn, tí owó náà ò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn, kì í ṣe gbèsè nìyẹn.

Ti àjọ ló díjú jù. Alájọ ń gba owó lójoojúmọ́, ó ń sàmì sí káàdì, nígbà tí oṣù bá parí, ó kó owó fún onílé, ó mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí àdéhùn bá jẹ́ pé kó máa bá yín tọ́jú owó, owó yín ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń bẹ tí wọ́n á ní ẹ gbé e fún àwọn, àwọn á fi ṣòwò, àwọn á fún yín ní èlé. Ẹ̀yin tí ẹ gba èlé yẹn, ẹ mọ̀ pé ẹ ti gbà kó máa ná owó náà nìyẹn. Bí òwò bá dojú dé, lọ́yà rẹ̀ lè dìde nílé ẹjọ́ kó ní ẹ yá a ni, ẹnu yín á sì há. Ohun tó wà lórí káàdì ṣe pàtàkì. Obìnrin tí kò mọ̀wé, kó fún ọmọ rẹ̀ kó kà á sí i létí.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé kí orí ọmọ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, ọkùnrin tí wọ́n ní ó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Orúkọ rere nìyẹn. Ó ní iyì ju ilé alájà mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo alájọ ni orí wọn pé bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ọkàn wọn mọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gba káàdì.

Ẹni tó bá rò pé orúkọ lásán ni, pé kí ni wọ́n pè é kò já mọ́ nǹkan, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lÁbújá ní oṣù kìn-ín-ní 2013. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó wà nídìí owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ pé òun lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe kó owó náà jẹ. Owó tí ọ̀rọ̀ kàn ju bílíọ̀nù 20 náírà lọ. Owó àwọn tó fi ìgbà èwe wọn dúró nínú òjò àti oòrùn ni, àwọn tó ń tò sórí ìlà láti gba ẹ̀tọ́ wọn. Adájọ́ ní kó lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì, tàbí kó san owó ìtanràn. Ìtanràn náà lápapọ̀, N750,000. Ó san án, ó sì lọ sílé.

Gbogbo ìlú pariwo. Àwọn èèyàn ní ẹni tó jí ewúrẹ́ ń lọ sẹ́wọ̀n láìsí ìtanràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, abala 309 ìwé òfin Penal Code ni, èyí tí wọ́n ń lò lÁbújá àti lókè Ọya, orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà sì ni "misappropriation," pé èèyàn lo ohun tí kò yẹ kó lò. Ìyà tí abala náà gbé dání kò ju ọdún méjì lọ, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Abala 315 wà nínú ìwé kan náà, fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó da ìgbẹ́kẹ̀lé, tí ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ lè tó ọdún 14. Èyí tó fúyẹ́ lórúkọ ni wọ́n fi pè é, èyí tó fúyẹ́ níyà ló sì gbà. Ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì di 2018 kí ilé ẹjọ́ náà tó yí ìdájọ́ padà: ẹ̀wọ̀n ọdún 6, kó sì san bílíọ̀nù 22.9 náírà owó ìtanràn. Ọdún márùn-ún gbáko ló wà láàárín ìdájọ́ àkọ́kọ́ àti èkejì, àwọn arúgbó kan á sì ti kú láàárín rẹ̀.

Ṣé kí wọ́n wá máa pe gbogbo akápò lólè ni? Rárá o. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, kí wọ́n kọ́kọ́ ka ìwé. Ó lè jẹ́ pé akọ̀wé ló ṣi ìṣirò. Ó lè jẹ́ pé olè ló fọ́ ilé akápò, tó gbé àpótí lọ, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi tirẹ̀. Kí wọ́n má sì na ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má gbé táyà dé ọ̀rùn ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ tó na akápò rẹ̀ ti sọ ara rẹ̀ di ẹlẹ́ṣẹ̀, ọlọ́pàá á sì mú àwọn tó ni owó ṣáájú ẹni tó jẹ ẹ́.

Ohun tí wọ́n máa ń ṣe tó ń pa wọ́n lára jù ni ìwé tí wọ́n ń kọ nílé alága lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ẹbí ti dé, tí ìyàwó ti kúnlẹ̀, tí ọmọ ń sunkún. "Èmi lágbájá yá N480,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́, n ó máa san N20,000 lóṣooṣù." Gbogbo èèyàn tọwọ́ bọ̀ ọ́, ojú sì rọ̀. Wọn ò mọ̀ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi bá a pààrọ̀ orúkọ. Bó bá san oṣù méjì tó dúró, tí wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́, ìwé yẹn ni lọ́yà rẹ̀ máa kọ́kọ́ yọ jáde: ẹ wò ó, olúwa mi, àwọn fúnra wọn ní ó yá a. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣàánú, kí wọ́n ṣe é. Ẹgbẹ́ ló ni owó, ẹgbẹ́ ló ni àánú. Ṣùgbọ́n kí ìwé sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: pé owó ẹgbẹ́ ni, pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìtọ́jú, pé kò gba àṣẹ kó tó ná an.

Kí ọ̀rọ̀ má tiẹ̀ dé bẹ̀ ló dáa jù. Àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ibi tí N480,000 ń gbé. Báńkì wà, ẹgbẹ́ sì lè ní kó jẹ́ pé ẹni méjì tàbí mẹ́ta ní láti fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, kí wọ́n má sì jẹ́ ọmọ ilé kan náà. Kí wọ́n máa ka owó lóṣooṣù, lójú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kì í ṣe nígbà tí ọdún bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Akápò tó mọ́ kì í bínú sí kíkà. Á tilẹ̀ dùn mọ́ ọn nínú, nítorí pé kíkà yẹn ló máa gbà á lọ́wọ́ N5,000 àkọ́kọ́ nígbà tí ara ọmọ bá ń gbóná lóru.

Ní ìpàdé aránṣọ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín tán, wọ́n ní kí akọ̀wé ka ohun tó ti kọ sínú ìwé. Ó ka á pé, "Akápò sọ pé òun jẹ ẹgbẹ́ ní N480,000, ó sì tọrọ àforíjì."

Ìyá tó ń rán aṣọ ọmọdé ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

"Ọmọ mi, fa igi lé e. Kọ ọ́ pé ó jẹ N480,000 owó ẹgbẹ́."

Akápò ní, "Ìyá mi, àbùkù nìyẹn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé n ó san án."

"O máa san án. Kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ná."

Akọ̀wé wo alága. Alága ò sọ nǹkan kan. Bàbá àgbà ló wúkọ́, ó na ọwọ́ síwájú, ó ní kí akápò gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí wá. Ó tú u kúrò lára bẹ́líìtì rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tú, ó sì gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Akọ̀wé fa igi lé ìlà àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èkejì.